Kérésìmesì tí Màmá Igbemo Kọ Oúnjẹ

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ l'Ádó lọ́dún náà ni Màmá Igbemo ti abọ́ ògì padà sí mi lọ́wọ́. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi mu díẹ̀." Ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé inú ló ń run ún. Nígbà tó di ọ̀sán tó tún ti iyán padà, àyà mi já, nítorí ọmọ Èkìtì tó bá kọ iyán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní eré.

Olùtọ́jú ni mí nílé ìtọ́jú àwọn àgbà kan l'Ádó-Èkìtì. Ìyìn ni mò ń gbé, ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ, òun náà ló ń gbé mi bọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Ọkùnrin bíi tìẹ, arúgbó lò ń wẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n pé ta ló wẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Mo gbóná díẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. À ń wẹ àwọn àgbà, à ń bọ́ wọn, à ń fún wọn lóògùn, a sì ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yíyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni pé ẹni tí kò bá lè dìde, a kì í jẹ́ kó pẹ́ jù lórí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ara rẹ̀ má baà dá egbò. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ yẹn jáfara, ìdí aláìsàn ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Mátírọ̀nù wa ló kọ́ mi. Obìnrin náà ga, kì í rẹ́rìn-ín lásán, ṣùgbọ́n bó bá di ọwọ́ arúgbó mú, wàá rò pé ìyá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo sáré lọ gbé bàbá kan dìde. Ó gbá mi lọ́wọ́. "Kí o tó fọwọ́ kan àgbà, kọ́kọ́ kí i. Ṣé ẹrù ni?" Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó wẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kejì tó kọ́ mi ni ohun tí ìyá tó bí kálukú wa ti kọ́ wa nílé: bí àgbà bá gbé ìgbálẹ̀, gbà á, bó bá fẹ́ bu omi, bá a bù ú. Nílé wa, àgbà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lójú ọmọdé. À ń fi ìyẹn yangàn. Bí àlejò bá dé, a ó sọ fún un pé níbí o, gbogbo wọn ń sinmi ni.

Màmá Igbemo ti ń sinmi fún oṣù mélòó kan nígbà náà. Àgbẹ̀ onírẹsì ni nílé wọn n'Ígbemo, ìyálé sì ni nínú agboolé ọkọ rẹ̀. Ó ṣubú lẹ́yìn ilé, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, kò sì lè rìn mọ́. Káyọ̀dé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò bá màmá lára mu, ó ní òun ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ju ohùn ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti gbé e wá bá wa, kó lè sún mọ́ ilé. Àwọn ará ilé sì bú u dáadáa. Wọ́n ní ó gbé ìyá rẹ̀ jù sílé àwọn arúgbó. Bó bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ ìtìjú náà lóhùn rẹ̀.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oṣù Kejìlá ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ayé ló máa ń rántí arúgbó nínú oṣù Kejìlá. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí wá lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé kan wá lọ́la, olóṣèlú wá lọ́tùnla pẹ̀lú ayafọ́tò méjì. Kúlà ìrẹsì ń tẹ̀ lé kúlà ìrẹsì. Wọ́n á to àwọn àgbà sórí àga, wọ́n á gbé páálí ìndómì lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń dá wọn lóhùn. "Ẹ tètè yà á, ẹsẹ̀ mi ti kú." Bó bá di oṣù Kejì ọdún, kódà ewúrẹ́ kì í yà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n n kò bínú sí wọn púpọ̀. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan sàn ju ẹni tí kò wá rárá.

Àárín irú ariwo ọdún bẹ́ẹ̀ ni Màmá Igbemo ti dákẹ́. Omi nìkan ló ń mu. A bẹ̀ ẹ́. A yí oúnjẹ padà, láti iyán sí ẹ̀wà, láti ẹ̀wà sí móínmóín. Ìyá Bọ́sẹ̀, alásè wa, se ọbẹ̀ ẹja tútù tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, màmá ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tí ebi ń pa. Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kan. Ó pe èmi àti Mátírọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ara rẹ̀ kò lè gba èyí pẹ́," ló wí. "Bí kò bá jẹun láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, a ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ká máa da oúnjẹ gba ibẹ̀. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, n kò lè ṣèlérí pé yóò padà wá."

Mo pe Káyọ̀dé. "Bọ̀ọ̀dá," ló wí, "mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọ̀dọ̀ Màmá la ó ti ṣọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a pẹ̀lú rọ́bà nímú." Mo ní yóò jẹun. N kò mọ bí n ó ṣe mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan wá. Ọ̀kan nínú wọn bu ìrẹsì sínú ṣíbí, ó ń fi òwe tu màmá lójú. "Màmá, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ la ẹnu."

Màmá la ojú, kò la ẹnu. "Ṣé òkété náà sọ fún un yín pé ọmú ọ̀hún dùn?"

Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn pé ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi.

Àlàájà kan tó ń ta oúnjẹ tútù lọ́jà ló wá tú u palẹ̀, láìmọ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ọdọọdún ló máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa fún Kérésìmesì, bí àwa náà ṣe ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀. Lọ́dún náà, ìrẹsì Igbemo ló gbé wá, àpò kan. Ẹni tó bá mọ ìrẹsì yẹn mọ̀ pé ó ní òórùn tirẹ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ó ní òkúta. O gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàngbò kúrò lára rẹ̀ lórí atẹ, kí o wá jókòó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ké gbàjarè. "Àlàájà ṣeun, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣa gbogbo èyí? Ṣé èmi nìkan?" Ó gbé atẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó da ìrẹsì lé e.

Iwájú yàrá Màmá Igbemo gan-an ni. Mo wà nínú yàrá náà, mo ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìrẹsì ṣe ń dún ṣààà lórí atẹ, ara rẹ̀ le lọ́wọ́ mi. Ó gbé orí sókè, ó fa imú.

"Uṣẹ́ ta nìyẹn?"

"Iṣẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, mà. Ó fẹ́ ṣa ìrẹsì."

"Ó ti fẹ́ ìyàngbò rẹ̀? Gbé e wá."

Ẹ ti mọ ohun tí mo sọ. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni mí. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ máa sinmi. A ó bá yín ṣe é."

Màmá Igbemo gbá orí ibùsùn. "Ṣé mo ti kú ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ulé yìí, ẹ bá mi jẹun, ẹ bá mi mumi, ẹ bá mi nu ojú. Èmi tí mo bọ́ odidi agboolé! Gbogbo ọdún, ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ. Ọdún dé, gbogbo àlejò tó wọlé, èmi ni wọ́n ń fún. N kò ní ohun tí mo lè fún ẹnì kankan. Kí ni mo wá ń jẹun fún?" Ó bú sẹ́kún.

Ó dùn mí. A ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yìí tán, tìfẹ́tìfẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì ń pè é ní ìsinmi. Mátírọ̀nù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá mi wí, kò sì wá àwáwí. Ó ní, "Gbé Màmá jókòó. Gbé atẹ fún wọn."

A fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé atẹ lé e lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò nílò ojú. Ó ju ìrẹsì sókè, ó gbà á, ìyàngbò fò bò mí lójú. Ó ní kí n sún, pé òun kò rán mi dúró síbẹ̀. Ó ṣà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sùn, ó jí, ó tún béèrè atẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bọ́sẹ̀ se díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbọ́n, alásè yẹn. Kò gbé oúnjẹ fún màmá o. Ṣíbí kan ló gbé wá. "Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, bóyá iyọ̀ tó."

Màmá tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Uyọ̀ kò tó."

Ìyá Bọ́sẹ̀ padà wá pẹ̀lú ṣíbí míì. Ata ńkọ́? Ó tún tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kejì, ṣíbí ti di abọ́ kékeré, iyọ̀ ọbẹ̀ wa kò sì tó mọ́ láé. Mo ń lọ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó wò mí. "Ẹ rò pé n kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe?" Mo ní, "Kí la ṣe, mà?" Ó jẹ èyí tó kù. Dókítà dé, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ká má dáwọ́ dúró.

Bàbá Tíṣà náà béèrè atẹ tirẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó ń ṣa òkúta bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò, ó sì ń bú ìrẹsì tó bá fò bọ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti di agboolé. Ẹni tí kò lè ṣà ń sọ fún ẹni tó ń ṣà pé kò mọ̀ ọ́n ṣà.

Títí di òní, bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé sọ́dọ̀ wa, mo máa ń kọ́ ọ pé kó kí àgbà kó tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni n ó ní kó bi àgbà náà léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe nílé rẹ̀, kó sì wá díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Kérésìmesì pé. Káyọ̀dé dé lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta àti kúlà ńlá kan. Ìyá rẹ̀ kò sí lórí ibùsùn. Ó wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ìkòkò ìrẹsì wà níwájú rẹ̀, ìpọnbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀. Ó ki wọ́n lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bu oúnjẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bù fún Káyọ̀dé. Ó bù fún Mátírọ̀nù, fún dókítà tó yà wá kí wa, fún àwọn tó wá ya fọ́tò. Ó bù fún mi. Bàbá Tíṣà kígbe pé, "Òkúta kan ṣẹ́kù síbí o!" Màmá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò ní eyín, kí lẹ fi rí i?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá rí i pé ìrẹsì ti tán. Ó ti fún gbogbo ayé, kò bu tirẹ̀ sílẹ̀. Káyọ̀dé náà rí i. Ó sáré ṣí kúlà tó gbé wá, ó bu oúnjẹ, ó gbé ṣíbí sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ la ẹnu." Mo di ọwọ́ Káyọ̀dé mú. N kò mọ ohun tí mo ń dúró dè, mo ṣáà dì í mú.

Màmá kò wò wá. Ó fa ìkòkò sára, ó ki ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀, níbi tí ìrẹsì ti lẹ̀ mọ́ ọn, tó ti dì, tó ti pọ́n. Ó ń họ ọ́, ó ń jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ dáadáa, ó ń lá ìka.

Káyọ̀dé kọjú sí igi máńgòrò, èjìká rẹ̀ ń mì. "Bó ṣe ń jẹun nìyí," ló wí fún mi. "Nígbà tí a wà ní kékeré, bí gbogbo wa bá yó tán, bó ṣe máa ń jẹun nìyí." Omi bọ́ lójú èmi náà, n kò sì fi pamọ́.

Nígbà tó jẹun tán, mo bu omi wá. Mo ti na ọwọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ kí n bá a fọ̀ ọ́. Mo dáwọ́ dúró, mo gbé abọ́ omi náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́ méjèèjì, ó gbọ̀n wọ́n, ó ní kí n tètè fọ ìkòkò wá, pé àlejò ṣì ń bọ̀.