Ẹni Tó Gbé Mọ́gàjí Dìde

Èmi ni mo mú wọn lọ. Bí mo bá ń rojọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ara mi, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn kò yé mi dáadáa títí di òní. Bẹ́ẹ̀ tíṣà ni mí o. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ló wà lẹ́wọ̀n. Láti ilé wa ní Ọ̀rányàn ló ti lọ sí òkè Ọya lọ ta bàtà, ibẹ̀ ló sì ti kó wọ àárín àwọn agbésùnmọ̀mí. Òun kọ́ ló ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀. Òun ló wa ọkọ̀ tó gbé e dé gáréèjì, ó sì mọ ohun tó gbé. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, adájọ́ sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n gbére. Lára àwọn tó kú ní gáréèjì yẹn ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi bí.

Obìnrin ọmọ Kúdẹtì ni ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. A jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, a sì jọ ṣiṣẹ́ pẹ́. Mò ń pè é ní Ọ̀gá nítorí pé ó ṣáájú mi di ọ̀gá iléèwé. Òun ń pè mí ní Lèmọ́mù nítorí pé mo máa ń yọ́ kúrò ní ìpàdé lọ kírun Jímọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, ó wá bá mi nílé, ó ní, "Lèmọ́mù, ìwọ kọ́ lo wa ọkọ̀." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́, ọ̀rẹ́ wa kò sì bàjẹ́.

Ìgbà tó yá, kíndìnrín ọmọ wa tó wà lẹ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀wé pé ikú ló kù, ìjọba sì ní àwọn lè ṣàánú rẹ̀ kó wá kú sílé. Háà, ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an yàn-an. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní àánú ni, ìkejì ní wọ́n fẹ́ fi wá ìbò ni. Níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Bẹẹrẹ, ẹnì kan á pariwo pé ẹni tí kò ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ, kí ló fẹ́ fi àánú ṣe? Màá ní òótọ́ ni. Ẹlòmíì á ní òkú ọ̀la ni, ẹ jẹ́ kó rí ojú ìyá rẹ̀. Màá ní òótọ́ nìyẹn náà. Inú ń bí mi sí ara mi. Àgbàlagbà tí kò mọ ibi tó dúró sí, kí ló fi yàtọ̀ sí àsíá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún?

Mọ́gàjí wa, olórí agbo ilé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pe ìpàdé. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n a ò lè lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ká má kọ́kọ́ bẹ ẹni tí ọmọ wa ṣẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo mọ ilé obìnrin yẹn."

Mi ò ní í purọ́, inú mi dùn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: bí ọmọ ilé bá ṣẹ̀, àgbà ilé á jí lọ dọ̀bálẹ̀ nílé ẹni tó ṣẹ̀. Mo rò pé a ti rí ohun kan tó tọ́ ṣe nínú gbogbo ohun tó wọ́. Mi ò tilẹ̀ pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù kó mọ̀ pé à ń bọ̀. Wọn kì í kéde ẹ̀bẹ̀, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀ má baà jáde lọ.

Àwa márùn-ún la lọ, aago méje kò tíì lù. Ó jáde sí wa tòun ti ìró àárọ̀, ìwé àdúrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó kí wa tán, Mọ́gàjí ti ṣí fìlà, ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Àwa yòókù náà dọ̀bálẹ̀.

"Lèmọ́mù, kí lèyí?"

Mọ́gàjí ló fohùn láti ilẹ̀. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ìyá wa. Ẹ foríjì wá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ó dọwọ́ yín."

Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ nìkan ló lè gbé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ dìde. Bó bá sì ti gbé e dìde, lójú gbogbo wa, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò sún. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, sìmẹ́ńtì tutù, Mọ́gàjí sì ní ikọ́ fée. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, lẹ́yìn náà ó wá ń fa èémí bíi pé nǹkan há a lọ́fun. Mo gbọ́ ọ. Mo lè dìde kí n gbé e fúnra mi. Mi ò ṣe é. Mò ń retí ohun tí ọ̀rẹ́ mi máa ṣe.

"Ẹ ò ní í kú mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di bàbá lápá méjèèjì mú, ó gbé e dìde, ó sì lọ bu omi wá fún un. Àwọn tó tẹ̀ lé wa ti ń ké, "A dúpẹ́ o! Olúwa ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́!" Kò wo ojú mi rárá.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù. Ó ti yọ́ ya fídíò sórí fóònù rẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé bàbá dìde nìkan ló sì fi síta. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, rédíò ti ń sọ pé ìyá olóògbé ti foríjì. Àwọn tó ń bínú sí ìjọba wá yí ìbínú wọn sí ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ó ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó pè mí. "Lèmọ́mù, ṣé mo foríjì í?"

"Rárá."

"Ìwọ lo gbọ́ bí àyà bàbá yẹn ṣe ń súfèé. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹnì kan ló tì mí sí i. Ọmọ ilé wọn ni ẹ́, lọ sọ ọ́ ní rédíò pé arúgbó ni mo gbé dìde, mi ò dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo ni ìdáríjì yẹn, tí mo bá fẹ́ ẹ ṣe é."

Mo ní ó di àárọ̀ ọ̀la. Bí mo ṣe múra tán láàárọ̀, ìyá ọmọ wa tó wà lẹ́wọ̀n wà lágbàlá, ó ń fa mátírẹ́ẹ̀sì jáde nínú yàrá. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni, bí ìyá ló jẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń pè mí, nítorí pé mo ti wà nílé kó tó wọlé. "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ bá mi gbé e sóòrùn. Ọmọ yín fẹ́ ẹ́ bọ̀."

Mo bá a gbé e. Mo rìn dé ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn Mápó, mo dúró láàárín àwọn tó ń tajà, mo wá padà sílé láì dé ilé iṣẹ́ rédíò. Bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò pè mí mọ́, ojú sì tì mí láti pè é.

Wọ́n gbé ọmọ náà dé pẹ̀lú ojú tó wú, ara tó gbẹ. Mo ti pinnu láti kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi láti orí àga, ó sì ń ṣubú lọ, mo sáré gbá a mú. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá gbé ẹ̀kọ tútù fún un láàárọ̀, mo máa ń rántí ọmọ ọ̀rẹ́ mi, màá sì fẹ́ gba ife padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á padà rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló béèrè. A ti kírun Àsárì, èmi àti òun nìkan ló wà nínú yàrá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ìyá yẹn, ṣé lóòótọ́ ló foríjì mí?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo lè ní Ọlọ́run ló ń dárí jini, kí n sì jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi láyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ń wá ibi tó máa gbà jáde.

"Rárá," mo ní. "Ẹ̀mí Mọ́gàjí ló ń bọ́ lọ, ló bá gbé e dìde. Kò foríjì ọ́."

Ó ní, "Ó dáa." Ó kọjú sí ògiri. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, títí kan ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta ó kú. Nígbà tí a sin ín tán, ìyá náà bi mí pé kí ló bá mi sọ kẹ́yìn. Mo ní omi ló béèrè.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kúdẹtì. Ọ̀rẹ́ mi ṣílẹ̀kùn, kò ní kí n jókòó. Mo rò pé mo rí nǹkan gbé wá fún un.

"Ọ̀gá, mo sọ ọ́. Mo sọ fún un pé o ò foríjì í, kó tó kú."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó dáa."

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó.

"Lèmọ́mù," ó ní, "rédíò ni mo rán ọ. Ta ló rán ọ sí ẹni tó ń kú lọ?"