Ọjọ́ Tí Màmá Alága Kúnlẹ̀ fún Wa

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ọdún 1989, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n lu agogo kíláàsì ní iléèwé wa ní Gárkì, kò sì sí tíṣà kan tó wọlé. Àwa mọ́kànlá jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú yàrá àwọn tíṣà. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rò pé ìpàdé là ń ṣe. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú la ti gba owó oṣù kẹ́yìn.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yin tíṣà tuntun tí ẹ ń rọ́ wá sí Àbújá, tí wọ́n sì ń sọ oríṣiríṣi nǹkan fún nípa ìyanṣẹ́lódì yẹn. Àwọn kan ní a borí. Àwọn mìíràn ní Kòfí, ọ̀kan nínú wa, ló bà á jẹ́. Ohun tí mo rí ni màá sọ. Ibi tí mi ò bá ti rí i, màá sọ pé mi ò rí i.

Ọmọ Kétu ni mí, lápá Bẹ̀nẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà ní yunifásítì ilẹ̀ wa. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ìjọba kò rówó san fún àwọn tíṣà mọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ni ní Pọ̀bẹ̀ a máa lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìgba nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọdá ààlà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ olú-ìlú tuntun sí Àbújá, pé iléèwé pọ̀ níbẹ̀, pé wọn kì í jẹ tíṣà lówó. Méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó ni iléèwé náà, Alága ni gbogbo wa ń pè é. Yorùbá ni, láti ìlú kékeré kan nítòsí Òṣogbo. Lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́, inú rẹ̀ dùn pé òun rí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ èdè òun. "Ọmọ wa ni ọ́," ló wí. Òun náà ló dúró fún mi nígbà tí mo ń gba ìwé ìgbélùú, bó ṣe dúró fún Kòfí, ọmọ Gánà tó ń kọ́ ìṣirò, tí àwa méjèèjì jọ ń gbé yàrá kan ní Dúrúmì. Bí Alága bá yọwọ́, ìwé wa kò níláárí mọ́, ìjọba sì lè ní ká máa lọ sílé. Ohun tó mú kí ìyanṣẹ́lódì yìí wúwo fún àwa méjèèjì ju àwọn yòókù lọ nìyẹn.

Kòfí ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn Yorùbá oníṣòwò ló dàgbà sí ní Kùmásì, ó sì gbọ́ èdè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan lójú pátákó.

"Tó bá sanwó fún ẹ̀yin, tí kò san fún àwa méjì ńkọ́?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Kàbbà ni, òun ló dàgbà jù nínú wa, òun la sì fi ṣe aṣíwájú. "Kòfí, ọkàn rẹ kì í balẹ̀! Tí kò bá san fún ẹnì kan, kò sẹ́ni tó máa gbà. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́!"

"Rárá o. Kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Kálukú sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Alága wá bá wa lábẹ́ igi. Ó wo gbogbo wa yí ká, ojú rẹ̀ sì dúró sára mi.

"Ìwọ Faransé, ta ló pè ọ́ sí èyí?"

"Ebi ni, sà."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ ọmọ wa mọ́. Faransé ni mí.

Àlàyé rẹ̀ ni pé ìjọba kò tíì sanwó fún àwọn kọngílá tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kọngílá sì ni òbí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ, nítorí náà owó iléèwé kò wọlé. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Mo mọ kọngílá tí ìjọba jẹ lówó lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ kan nílé wọn ní àdúgbò Life Camp ní ìrọ̀lẹ́, mo sì bi àwọn bàbá wọn mẹ́ta léèrè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn ti san tiwọn kí iléèwé tó wọlé ní oṣù Kìíní. Nípa àwọn òbí yòókù, mi ò lè sọ nǹkan kan.

A jókòó títí ó fi wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ń súnmọ́lé, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bàbá kan wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ níṣojú wa. Lọ́jọ́rú, akọ̀wé owó wá sọ fún wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Alága ti ní kí òun lọ sí báǹkì lọ́jọ́ Jímọ̀. Mi ò rí owó náà lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ akọ̀wé náà lówó bíi tiwa, mi ò sì rí ìdí tó fi máa parọ́. Ní tèmi, mo gbà pé ọjọ́ méjì péré ló kù ká borí.

Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò Alága wọlé, tí ó dúró sójú oòrùn níwájú yàrá àwọn tíṣà. Oòrùn ti lé wa kúrò lábẹ́ igi, inú yàrá náà la wà, ojú fèrèsé ni mo sì dúró sí. Alága kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló jáde láti ẹ̀yìn, ó wé gèlè funfun, ó rọra ń rìn. Ìyá rẹ̀ ni.

Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìlú kálukú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní Kétu ni mo ti wá.

"Kétu! Àwọn ará Kétu a máa wá tajà lọ́jà wa nígbà èwe mi. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Ó gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó di etí tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ foríjin ọmọ mi. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹni tó tó bí ìyá wa ló wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wa. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fa ìyá náà lápá.

"Háà! Màmá! Ẹ fẹ́ kí ayé wa bàjẹ́ ni? Ẹ dìde!"

"Mi ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá gbà."

"A ti gbà! A ti padà, Màmá! Lónìí yìí la máa wọ kíláàsì!"

Kòfí nìkan ló ṣì jókòó. "Màmá, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Owó wa ńkọ́?"

"Kòfí!" Àǹtí Bọ́sẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o ò rójú ni? Àgbàlagbà wà lórí ìkúnlẹ̀!"

"Mo rí i, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ wá lówó wà nínú mọ́tò. Òun ni kó wá kúnlẹ̀."

Wọ́n pa á mọ́ ọn lẹ́nu, bí ẹni pé ó bú ìyá náà ni. Mo dìde níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, mo kúnlẹ̀ kojú ìyá náà, kó má baà jẹ́ pé mò ń wò ó láti òkè.

"Màmá, kí ni wọ́n sọ fún yín pé a ṣe?"

"Ó ní ẹ ti gba owó yín, pé iléèwé lẹ fẹ́ gbà mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ẹ fẹ́ fi òun sẹ́wọ̀n."

"Màmá, a ò tíì gbowó láti oṣù Kẹwàá."

Ó wo Àǹtí Bọ́sẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ sorí kọ́, ó ní òótọ́ ni. Ìyá náà fúnra rẹ̀ dìde, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, ó mú àpò rẹ̀, ó sì lọ sínú mọ́tò. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo àkókò tó fi wà lórí ìkúnlẹ̀, Alága kò pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà.

"Àǹtí," mo ní, "irọ́ ni wọ́n fi rán an. Ṣé ọ̀rọ̀ yín ṣì dúró?"

"Ìyá àgbà ni mo sọ ọ́ fún, àbúrò. Mo ti sọ ọ́ ná."

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n wọ kíláàsì. Èmi àti Kòfí padà sábẹ́ igi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alága san owó oṣù kan ṣoṣo, fún àwọn mẹ́sàn-án. Ní ti àwa méjì, ó ní ká kọ́kọ́ lọ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé wa. Àwọn mẹ́sàn-án gbà á. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè nípa ohun tó sọ lẹ́nu ara rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Òótọ́ ni, mo mọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dá èmi àti Kòfí dúró.

Kí la wá rí gbà? Owó oṣù kan, fún àwọn mẹ́sàn-án. Wọ́n ní owó kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní iléèwé náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mi ò sí níbẹ̀ láti mọ̀. Wọ́n tún ní ìyá náà kò jẹun nílé ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi yára gbà á gbọ́. Ohun tí a pàdánù kò ṣòro láti sọ. Alága halẹ̀, a ò mira. Ó ṣàròyé, a ò mira. Ó wá yá orúnkún ìyá rẹ̀ lò. Ó mọ̀ wá dáadáa. Ó mọ̀ pé ìwà tí wọ́n fi tọ́ wa kò ní jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo ká tó dáhùn. Ẹni tó béèrè ni wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo ní bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún yín nítorí gbèsè, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó rán an.

Èmi ṣì wà ní Àbújá, mò ń kọ́ àwọn ọmọ Life Camp ní Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn. Kọ́bọ̀ kan kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ nínú owó tí Alága jẹ mí. Bóyá ó fi ti Kòfí ránṣẹ́ sí i, mi ò mọ̀. Lẹ́tà Kòfí kò dé.

Ohun tí mo fojú ara mi rí kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà, ní gáréèjì ni, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Kòfí ń padà sí Gánà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wá. Owó wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn kan nínú wọn dá jọ.

"Kòfí, gbà á, jọ̀ọ́. Má bínú sí wa."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ mí lówó, Àǹtí."

Dírẹ́bà ń pariwo, "Kái, Tíṣà! Mọ́tò ti kún!" Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Kòfí yára dì í mú ní apá méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ẹ má fi èyí bẹ̀ mí."

Ó fi í sílẹ̀, ó wọ mọ́tò, mọ́tò sì kọjú sí ọ̀nà Gwágwáládà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣì wà lójú kan náà, àpòòwé lọ́wọ́ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀, kò kanlẹ̀, kò sì tíì nà tán.