Ọkùnrin Tó Jókòó sí Ìdí Òfì

Nígbà tí báńkì tí Olúṣèyí ń bá ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà kógbá wọlé, ó padà sí Kábbà, ó ń gbélé. Àìṣát ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ló ń jáde láàárọ̀. Olúṣèyí ń dáná, ó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ti òfì ni kò sú wọn. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kábbà wà, obìnrin ló ń hun aṣọ kíjìpá lórí òfì tó ń dúró ti ògiri. Iṣẹ́ yìí ni Màmá Martha, ìyá Olúṣèyí, fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé. Ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Àbújá sọ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ti tó àwọn. Iṣẹ́ òfì fẹ́ bá a wọlẹ̀. Ni Olúṣèyí bá jókòó sí ìdí rẹ̀.

Aṣọ tó kọ́kọ́ hun fún láàárín bí ìbàdí agbọ́n, torí ó ń fa òwú jù.

"Má bá òwú jà," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi ìka tọ etí aṣọ náà. "Tú u."

Ó tú u, ó tún un hun.

Ọ̀rọ̀ dé etí Thomas, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olórí ẹbí. Ó wá tìbínú-tìbínú.

"Okun o, Màmá." Ìyá wọn nìkan ló kí, kò kí àbúrò rẹ̀. "Olúṣèyí, ó ku kí o ró ìró, kí o wé gèlè."

"Ẹ̀gbọ́n, orí mi tóbi ju gèlè lọ."

Àìṣát bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Olúṣèyí, bí o kò bá fi nǹkan yìí sílẹ̀, má fẹsẹ̀ kan ìpàdé ẹbí mọ́. Ọkùnrin là ń pè síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò ní ìpàdé yẹn, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti máa gbọ́ nípa ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, Olúṣèyí kò gbé apásá tó fi ń lu òwú sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ tí gbogbo wa jẹ dàgbà, ara òfì yìí ló ti wá. Bó bá ń sọ ọkùnrin di obìnrin, ẹ̀yin àkọ́bí ni ì bá kọ́kọ́ mú."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́. Ọwọ́ ta ni kí n fi iṣẹ́ mi lé? Tìrẹ ni? Mú un wá kí n wò ó."

Thomas kó ọwọ́ méjèèjì sínú agbádá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Olúṣèyí àti Àìṣát gbé òfì náà kúrò lẹ́yìnkùlé, òwú lára rẹ̀, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí títì. Gbogbo ọkùnrin ẹbí ló gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìpàdé. Àwọn kan kí i, àwọn kan gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olúṣèyí ń hun aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo wọn kọjá tán, ó dìde, ó gbọn fọ́nrán òwú kúrò ní ṣòkòtò, ó tẹ̀ lé wọn.

Ó jókòó sáàárín wọn níbi ìpàdé. Thomas wò ó. Kò sẹ́ni tó dìde láti lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀," ni Olúṣèyí wí. "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé."