Dùùrù Tí Wọ́n Ní Kó Má Dùn

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ohùn dùùrù ṣe, iṣẹ́ náà kì í sì í parí nílé. Bí ìlẹ̀kùn bá han, á ní ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bí mo bá ń kọrin nídìí ìkòkò, á wúkọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá kú, kó má lọ bá àwọn akọrin jà nídìí òkú mi.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, obìnrin, yìnyín ló ń wọ̀n ní tirẹ̀. Ọdọọdún ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òpin ayé, níbi tí òkun ti ń dì gbagidi, láti wo èyí tó kù. Tó bá dé, á máa ka nọ́ńbà fún wa, àwa náà á máa mi orí bí alángbá. Ó dùn ún wọra pé kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ìyẹn ló fi ronú kan dùùrù. Wọ́n gbé ògbólógbòó kan sí gbọ̀ngàn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá. Eyín dùùrù kọ̀ọ̀kan dúró fún ọdún kan. Bí yìnyín ọdún náà bá ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ ni kí bàbá rẹ̀ dẹ wáyà rẹ̀ tó. Tí wọ́n bá wá ń tẹ̀ ẹ́ láti òsì sí ọ̀tún, ohùn tó yẹ kó máa gòkè á máa wálẹ̀.

"Kí n fọwọ́ ara mi ba dùùrù jẹ́?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni kí n tún lọ bẹ̀?"

Ó ṣe é, ó ń mí kanlẹ̀, èmi náà ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ nu eruku ara dùùrù náà. Ó yẹ kí n ti fura. Èrò pé, olùkọ́ orin kan jókòó sídìí ẹ̀, ohùn náà ń wálẹ̀ bó ṣe yẹ, àfi bó ṣe kan àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn tó tún dún gooro. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ojú ọmọ mi ṣú.

"Dádì, ẹ ti dá yìnyín padà."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀."

Mo rò pé ọkọ mi á sá lọ. Àmọ́ ó yọ irin iṣẹ́ rẹ̀ lápò, ó ṣí ikùn dùùrù lójú gbogbo èrò, ó ní kí ọmọ máa pe ọdún kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ń wálẹ̀ létí gbogbo wa. Àwọn tó ń sáré lọ wọkọ̀ dúró. Ó kan èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ṣé ó tó?"

"Kò tíì tó, Dádì."

Ó tún dẹ̀ ẹ́.

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Kò tíì tó."

Wáyà náà kò dún mọ́, ó kàn ń gbọ̀n. Omi lé ròrò sójú ọkọ mi.

"Ṣé ohun tí ìwọ nìkan ń lọ wò lọ́dọọdún nìyí?"

Ọmọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ fi irin sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra.