Ilá Tí Flavienne Fi Kọ́ Òkè Gáàsì

Àgbàlá Flavienne ní Sakété kéré débi pé bí adìyẹ bá fẹ́ yíjú padà níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ jáde sí títì. Sìmẹ́ǹtì ni Brice ọmọ rẹ̀ fi tẹ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tó kọ́ ilé oníyàrá kan fún un, kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni Brice. Cotonou ló ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti ń fẹ́ràn ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ Towé kì í jókòó láìgbin nǹkan. Flavienne ṣa korobá ọ̀dà jọ, ó ṣa táyà tí wọ́n là sí méjì, ó mú bàtà òjò olóògbé ọkọ rẹ̀ pàápàá, ó rọ erùpẹ̀ kún gbogbo wọn. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú táyà, efinrin wà nínú bàtà òsì, ata wà nínú ti ọ̀tún. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé ẹni tó bá dúró pẹ́ lágbàlá yẹn, Ìyá Brice á rọ erùpẹ̀ sí i lápò, á sì gbin nǹkan sí i.

Ilá nìkan ló ń gbé inú korobá, nítorí òun ni ọba. Ilá ìyá rẹ̀ ni, ó ga débi pé ẹni tó bá gun orí rẹ̀ á máa rí àwọn tó ń nájà ní Pobè. Wọ́n ní ilá kì í ga ju onírè lọ. Ilá yìí kò gbọ́ òwe rí. Bó bá yọ̀ nínú ọbẹ̀, okùn tó ń fà láti inú abọ́ dé ẹnu, ènìyàn lè sá aṣọ sí i.

Flavienne a máa bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀. "O jí? Èmi náà jí. Kò sí tuntun." Ilá á mi ewé. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ni èsì tó máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nílé ìyá rẹ̀, àkọ́so ilá kì í wọ ọbẹ̀. Aṣọ pupa ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn kí ọwọ́ má kàn án, á gbó, á gbẹ lórí igi, wọn á wá fi kọ́ òkè ààrò títí òjò tuntun á fi dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Flavienne ń ṣe, kò yẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá ni Brice gbé iná gáàsì wá. "Màmá, èéfín ti pọ̀ lójú yín jù." Ó kó ààrò jù sẹ́yìn ilé. Flavienne wá fi ilá rẹ̀ kọ́ òkè gáàsì. Òkè iná ṣáà ni òkè iná.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó já ilá náà wálẹ̀, ó là á. Ooru ọbẹ̀ ló ti ń fọ́n sí i lára láti ọdún náà, kò sì sí èéfín tí yóò gbẹ ẹ́. Inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí irùngbọ̀n arúgbó. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ sanra débi pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n kí i káàárọ̀.

Flavienne jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Sonia, ọmọbìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, yọrí sókè.

"Màmá, ta ló kú?"

"Ilá."

"Ẹ jẹ́ n fún yín ní irúgbìn inú ọ̀rá tí mo rà lọ́jà. Àwòrán wà lára rẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń dán."

"Ṣé àwòrán ni n ó sè?"

"Ilá kan ò ju ilá kan lọ, Màmá."

"Lọ sọ fún ìyá rẹ pé ìyá kan ò ju ìyá kan lọ."

Sonia rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí rédíò rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni irúgbìn náà kù sí láyé: ọwọ́ Félicité, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, ní Towé. Nígbà tí ìyá wọn kú, ìdì ilá tó wà lókè ààrò ni àwọn méjèèjì pín. Félicité ní, "Lọ gbin tìẹ sórí sìmẹ́ǹtì, ará ìlú." Flavienne bínú kúrò níbẹ̀, wọn kò sì tún bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Láti lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹni yẹn, ó sàn kí ènìyàn gbé òkè mì. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, ilá ìyá rẹ̀ parí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù akérò. Ọlọ́kọ̀ náà sọ̀rọ̀ láti Sakété dé Pobè, láti Pobè dé Towé. Flavienne kò gbọ́ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ló ń kọ́ ẹnu rẹ̀.

Ilé tí àwọn ọmọ ti ń jà lórí eegun ẹran nígbà kan, èéfín nìkan ló ń rìn kiri níbẹ̀. Félicité jókòó ti ààrò, òun nìkan.

"Ẹ kú ilé, Ẹ̀gbọ́n."

Félicité kò gbójú sókè. "Sìmẹ́ǹtì hù?"

"Ó hù. Irúgbìn ló bàjẹ́."

"Ibo lo fi kọ́?"

"Òkè gáàsì."

Félicité wá wò ó wàyí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìkùn rẹ̀, ó gun èjìká, ó pẹ́ débi pé ewúrẹ́ tó sùn dìde, ó kó ẹrù ara rẹ̀ lọ. "Gáàsì. Ìyá Brice, iná tí kò lè pa ojú, ṣé ó lè pa kòkòrò ni?"

Ó dìde, ó já ilá méjì tó dúdú bí èédú, ó fi wọ́n sí i lọ́wọ́.

Ní Towé, a kì í dúpẹ́ irúgbìn. Ẹni tó bá dúpẹ́, irúgbìn rẹ̀ kò ní hù. Flavienne di ilá náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó lè dúpẹ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ á fa ọ̀rọ̀, bóyá ẹkún á tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo iná, títí ọlọ́kọ̀ fi fun fèrè.

"Bó bá so, ẹ wá jẹ ẹ́."

"Orúnkún mi ò mọ ọ̀nà Sakété mọ́," ni Félicité wí.

Ilá hù. Ó so. Flavienne ya etí gèlè pupa rẹ̀, ó so ó mọ́ àkọ́so lọ́rùn. Ó se ìyókù, ó bu abọ́ méjì, ó jẹ ọ̀kan. Nígbà tí àkọ́so gbẹ, ó wọ́ ààrò padà wá sí àárín àgbàlá, ó kó igi sí i, ó sì fi ilá náà kọ́ òkè rẹ̀.

Brice pè. "Màmá, gáàsì ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ń sinmi."

Èéfín bo àgbàlá, ó gun ògiri. Sonia yọrí, ó ń wúkọ́. "Màmá, omi ń bọ́ lójú yín o."

"Èéfín ni," Flavienne dáhùn, ó sì ti igi mìíràn bọ iná.