Ẹja Tí Mo Yọ Kúrò Nídìí Ẹyin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Agbára. Kì í ṣe ohun ìwúrí o!

Kílíńà ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá, ó fi Àjọkẹ́ sílẹ̀ fún mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá ìyàwó mi ní ọkùnrin ò lè dá tọ́ ọmọbìnrin, pé òun á wá mú un lọ sí Ìkirun lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbà. Kí ni ǹ bá sọ? Mo tilẹ̀ ti di ẹrù ọmọ náà.

Ọ̀gá wa ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Méjì nínú wọn pọ́n bí epo, wọ́n sì ní ìlà funfun lára. Inú ohun kan tó dà bí òdòdó ni wọ́n ń gbé. Nǹkan náà máa ń ta ẹja yòókù, àmọ́ kì í ta àwọn méjèèjì yìí. Èyí ńlá ni abo, èyí kékeré ni akọ.

Ní Mọ́ńdè, abo yé ẹyin sára òkúta. Inú mi dùn! Àfi bí mo ṣe rí akọ nídìí ẹyin lọ́jọ́ kejì, tó ń fẹnu ṣa wọ́n. Inú bí mi. Irú bàbá wo rèé, ó fẹ́ jẹ ọmọ rẹ̀ ni? Mo bu omi àpótí náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi àwọ̀n gbé e síbẹ̀, kí ìyá lè ráyè tọ́jú ẹyin.

Ìyá ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ wò wọ́n.

Nígbà tó di Wẹ́sídeè, Bùọ̀dá Ráṣídì tó ń bá ọ̀gá tọ́jú àpótí náà dé. Ọ̀pọ̀ ẹyin ti funfun, wọ́n ti kú. Ó béèrè akọ, mo sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì hàn án bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ńlá.

Ó káwọ́ lérí. "Háà! Bàbá Àjọkẹ́, ẹni tó ń tọ́ wọn lẹ yọ kúrò yẹn o!"

Ó ṣàlàyé pé akọ ló máa ń fi lẹbẹ fẹ́ ẹyin kí wọ́n lè rí atẹ́gùn, títí wọ́n á fi pa di ọmọ. Àwọn tó ti bàjẹ́ ló ń fẹnu ṣà, kí wọ́n má baà ran àwọn tó kù.

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ẹja yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, èmi náà sì ti gbà!

A dá akọ padà. Ó lọ tààrà sídìí ìwọ̀nba ẹyin tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọn.

Mo pe ìyá ìyàwó mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wá kí wa ní Sátidé, àmọ́ Àjọkẹ́ ò ní bá yín lọ." Wọ́n bi mí pé ta ni yóò máa wẹ̀ fún un. Mo ní èmi tí mo ti ń wẹ̀ fún un láti ọdún tó kọjá náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ká tó sọ pé ẹnì kan ò lè tọ́mọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń dá tọ́mọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá sì mọ bí ọmọ ṣe ń mu àgbo láìtu ú dànù, kó ṣàánú mi, ara aṣọ iṣẹ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí!