Orúkọ Tí Mò Ń Jẹ́ Lórí Fóònù

Òórùn àńkárá tuntun ló máa ń gba yàrá wa kan ní àdúgbò Niangon, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, nígbà náà, òórùn sítáàṣì tó máa ń yún mi nímú. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe láìfù láti tajà lórí fóònù, Sandra ni mo sì ń pe ara mi. Má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé. O mọ̀ pé tí àwọn oníbàárà kan bá ti fura pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́, wọ́n á ní gbàrọgùdù lo fẹ́ tà fún wọn. Èmi tí wọ́n bí sí Treichville níbí, nílùú tiwọn, tí Faransé yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọjà mi tà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò pọ̀ lórí láìfù mi, mò ń na aṣọ sókè fún wọn, ni ìyá mi bá ti ọjà Adjamé dé.

“Àṣàkẹ́ mi, kú iṣẹ́ o.”

Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Bó ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn; n kì í wà lórí ìdúró kí i. Mo pòórá nínú fóònù, ó ku ògiri nìkan. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. “Sandra, tu es tombée?” Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Ẹlòmíì ní èdè wo ni ìyá yẹn ń sọ, àbí ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀rì mi, mo rẹ́rìn-ín.

“C'est la voisine.”

Mo ní aládùúgbò wa ni. Ìyá mi gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí mo fi parí. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń béèrè, ó ń bí mi sí ìyá mi tí kò kanlẹ̀kùn, mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù ṣáá.

“Màámi, ẹ má bínú. Nítorí ọjà ni.”

“N ò bínú. Ṣé ó tà?”

Gbogbo ẹ̀ ló tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Bonjour, Sandra.” Kò fi ṣẹ̀fẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì le, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ti rò pé inú fóònù lásán ni orúkọ yẹn wà. Mo ti pa á rẹ́ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, oríkì mi ni mo fi ń tajà báyìí. Gbogbo oníbàárà ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Ìyá mi nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.